Ṣé Ẹ̀rọ Ló Ń Tún Ohun Tí Ẹ̀rọ Bàjẹ́ Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Káyọ̀dé ọmọ mi, tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní kí ìjọba má dí ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́ rárá; ohun tí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́, ẹ̀rọ mìíràn á tún un ṣe. Ó ní olówó Amẹ́ríkà kan, Marc Andreessen, ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ìsọkúsọ ni. Ẹ bá wa dá sí i. — Ìyá Káyọ̀dé, Kubwa

ÌDÁHÙN: Kí Bàbá Káyọ̀dé má tíì bínú. Oṣù Kẹwàá 2023 ni Andreessen gbé ìwé tó ti sọ bẹ́ẹ̀ jáde. Ó ní ẹni tó bá fa AI (ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ẹni tó ń ronú) sẹ́yìn, ẹ̀mí àwọn tí AI ìbá gbà là ló ń fi ṣòfò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dé ìwọ̀n kan: àjẹsára ló lé ẹ̀yà àbáláyé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò ní Kano àti ní gbogbo Áfíríkà, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2020.

“Ẹ̀rọ mìíràn á tún un ṣe” yẹn gan-an ni kò rí bẹ́ẹ̀ ní Zamfara. Ní 2010, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni àwọn ará abúlé fi ń lọ òkúta wúrà nínú agboolé. Òjé (lead), irin tó jẹ́ májèlé, pọ̀ nínú òkúta náà. Wọ́n ń lọ ọ́ ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ń bà sórí ẹní, sínú ìkòkò, àti sílẹ̀ tí ọmọ ń rá lórí rẹ̀ tó sì ń tọwọ́ bọ ẹnu. Gìrì mú àwọn ọmọ, wọ́n rò pé ibà ni. Ó lé ní 400 ọmọ tó kú.

Àtúnṣe wà o. Wọ́n ha òkè ilẹ̀ agboolé kúrò, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà, wọ́n sì da iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ sí agboolé dípò rẹ̀. Ọmọ tí òjé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti dé máíkírógíráàmù 45 nínú désílítà kan ń gba oògùn tó ń fa òjé jáde, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ́. Bó bá padà sínú eruku, asán ni oògùn. Síbẹ̀, abúlé Bagega dúró títí di 2013 kí wọ́n tó tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe, nítorí owó kò tètè jáde. Wọ́n ti mọ ọ̀nà rẹ̀ tipẹ́. Ẹni tí yóò sanwó ni kò sí.

Omi ni ìdènà tó rọrùn jù: kí wọ́n máa lọ òkúta náà ní tútù, kí ẹ̀rọ jìnnà sí ilé, kí awakùsà pààrọ̀ aṣọ kó tó wọlé. Ìyẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni má wa wúrà. Nítorí náà, ẹ bi Káyọ̀dé nípa AI rẹ̀ náà: ta ló ń jèrè, ta ni eruku ń bà lé, ta ni yóò sì sanwó àtúnṣe? Bí kò bá rí ìdáhùn sí ìkẹta, ibẹ̀ ni òfin ti ń wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Bátìrì ínfátà wa, olómi, ti kú. Àwọn bọ́lá-jàrí, àwọn tó ń ra àlòkù irin kiri, fẹ́ rà á, wọ́n ní ká kọ́kọ́ da omi inú rẹ̀ nù. Ṣé kò léwu? — Alájà, Nyanya

ÌDÁHÙN: Ó léwu, ẹ má dà á. Ásíìdì ni, òjé sì wà nínú rẹ̀. Gọ́tà tàbí kànga ló máa bá lọ. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán lórí pákó, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Lódindi ni kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń ta bátìrì. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń yọ owó rẹ̀ kúrò lára tuntun. Bó bá ti dà sílẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ da káún lílọ̀ sí i títí tí kò fi ní hó mọ́, kí ẹ wá kó o sínú ike olómorí. Ẹ má gbá a sí gọ́tà: káún pa ásíìdì, kò pa òjé.