Ẹ Má Fi Owó Power Pack Ra Processor

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìbàdàn, mo sì ti tọ́jú ₦1,400,000 láti fi to kọ̀ǹpútà tí n ó máa fi ṣe géèmù. Mo ti ní mónítọ̀ 1080p. Ẹni tí ó fẹ́ bá mi tò ó kọ àwọn ohun wọ̀nyí fún mi: processor Core i7-12700F, graphics card RTX 3050, RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀) 16GB ẹyọ kan, hard disk 1TB, àti àpótí tí power pack (ohun tí ó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) ti wà nínú rẹ̀. Ó ní bí owó kò bá tó, òun lè bá mi wá graphics card àlòkù. Ṣé kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé kí ẹ tó san owó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbà. Processor, tí ó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, dára, ṣùgbọ́n graphics card ni ó ń ya gbogbo àwòrán tí ojú yín ń rí, ìgbà ọgọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà bí a bá so i7 tí ó ní core (ẹ̀yà tí ó ń ṣe ìṣirò) 12 mọ́ RTX 3050, ńṣe ni processor náà yóò máa dúró de káàdì, ẹ ó sì ti sanwó fún agbára tí ẹ kò rí lò.

Bí èmi ni, Ryzen 5 5600 ti AMD ni n óò rà, èyí tí ó jáde ní 2022, tí ó ní core 6, tí fáànù rẹ̀ sì máa ń wà nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú motherboard (pátákó tí a ń so gbogbo ẹ̀yà mọ́) B550 tí ó ń lo RAM DDR4. Ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ processor nìkan lọ́jọ́ iwájú lè fi owó kún un kí ó mú Ryzen 5 7600, nítorí AMD ti sọ pé títí di 2027, ó kéré tán, ni àwọn yóò máa ṣe processor fún irú motherboard tí ó ń lò. Ní ti graphics card, kí bí ìdá méjì nínú márùn-ún owó yín lọ síbẹ̀. RTX 4060 ni mo fẹ́ fún yín. RX 7600 náà lè ṣe iṣẹ́ yìí ní 1080p, ṣùgbọ́n 165W ni ó ń jẹ, nígbà tí RTX 4060 ń jẹ 115W. Ẹni tí ó ń lo ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré mọ ohun tí 50W jẹ́ ní alẹ́ tí kò síná.

Power pack gan-an ni ọ̀rọ̀ tí ó ń dùn mí jù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èyí tí ó bá àpótí wá nínú kọ̀ǹpútà tèmi jó ní alẹ́ tí iná dé lójijì, ó sì mú motherboard àti hard disk lọ pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó fi nǹkan yìí dín owó kù, pàápàá ní ilẹ̀ wa níbi tí iná a máa rẹlẹ̀ jù ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì tún lè wọlé pẹ̀lú agbára tí ó ju èyí tí ó yẹ lọ. Ẹ má wo iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ara páálí. Ẹ wo àlẹ̀mọ́ tí ó wà lára power pack fúnra rẹ̀, ibi tí wọ́n kọ +12V sí, kí ẹ sì fi 12 sọ iye ámpù tí ẹ bá rí níbẹ̀ di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 45, 540W nìyẹn, ó dára fún ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní 550W. Ṣùgbọ́n bí ó bá pe ara rẹ̀ ní 500W, tí ẹ sì rí 20 níbẹ̀, 240W péré ni yóò lè fún processor àti káàdì. Àmì 80 Plus ń sọ bí iná tí ó ń ṣòfò ṣe kéré tó ni, kò fi hàn pé power pack náà lè dáàbò bo ohun tí a so mọ́ ọn. Nítorí náà ẹ ra ti ilé iṣẹ́ tí a mọ̀, 550W sí 650W, tí ó ní ìwé ẹ̀rí àtúnṣe. Bí ẹ bá ń lo ínfátà, kí ó jẹ́ pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi iná ìjọba.

Kí RAM jẹ́ 8GB méjì dípò 16GB ẹyọ kan, nítorí ojú ọ̀nà méjì ni processor yóò fi máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ wọ inú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tí ó wà nínú motherboard) kí ẹ tan XMP, èyí tí ó ń jẹ́ kí RAM sáré dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, RAM náà kò ní yára tó bí ẹ ṣe sanwó fún. Ẹ fi SSD NVMe 1TB, ibi ìkópamọ́ tí ó yára jù ú lọ, rọ́pò hard disk.

Ní ti àlòkù, n kò kọ̀ ọ́ pátápátá. Nígbà tí Ethereum, owó orí ayélujára kan, yí ìlànà rẹ̀ padà ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ọ̀pọ̀ káàdì tí wọ́n ti fi ń wa owó náà tọ̀sán-tòru bọ́ sí ọjà, fáànù àwọn mìíràn nínú wọn sì ti gbó. Àwọn kan tún wà tí wọ́n yí orúkọ inú wọn padà kí wọ́n lè jọ káàdì tuntun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí GPU-Z, ètò tí ó ń sọ irú káàdì tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, níwájú yín, kí ẹ sì fi káàdì náà ṣe géèmù tí ó wúwo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa tẹ́tí sí ìró fáànù rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tò ó tán, ara graphics card ni kí ẹ ki wáyà mónítọ̀ bọ̀, kì í ṣe ara motherboard. Ryzen 5 5600 kò ní agbára àwòrán tirẹ̀, ihò tí ó wà lára motherboard kò ní fi nǹkan kan hàn, ẹ ó sì máa rò pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́.