Omi ń sun nídìí ògiri dáàmù mi: ṣé kí n fi sìmẹ́ńtì dí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ní dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ kékeré kan lóko mi lẹ́bàá Ọ̀fà, òun ni mo fi ń bomi rin ata àti tòmátì lẹ́ẹ̀rùn. Láti bí oṣù kan, omi ń sun nídìí ògiri rẹ̀ lápá ẹ̀yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ní kí n fi sìmẹ́ńtì dí i. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dí i o. Kò sí ògiri iyẹ̀pẹ̀ tí omi kì í gbà kọjá díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dí ojú ibi tó ń gbà jáde, inú ògiri ni yóò dúró sí, ẹ̀yìn ògiri á rin gbindin, á sì ya lulẹ̀.

Àwọ̀ omi yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ bù ú sínú ìgò ike funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Bó bá mọ́ gaara, tí kò ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó fi kún sílẹ̀. Bó bá ń yára kún sí i nígbà tí omi inú dáàmù kò pọ̀ sí i, nǹkan ti ń bàjẹ́ nínú ògiri nìyẹn.

Bó bá pọ́n bí ọ̀gbàrá ńkọ́? Omi ti ń kó iyẹ̀pẹ̀ inú ògiri jáde. Ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi pọ́ǹpù máa fa omi dáàmù dànù, kí ẹ sì da iyanrìn odò tí kò kúnná bo ojú ibẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí. Omi á rí ọ̀nà jáde, iyẹ̀pẹ̀ kò ní bá a lọ.

Ikán, ihò òkété, gbòǹgbò igi tó ti rà, gbogbo wọn ló ń fa irú èyí. Ṣùgbọ́n bí páìpù ìbomirin yín bá la inú ògiri kọjá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí wọn kì í sábà kì iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ dáadáa. Apá inú, níbi tí omi wà, ni a ti ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀rùn: ẹ tẹ́ amọ̀ ní ìpele-ìpele, ìpele kan kó má ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ẹ lù ú mọ́lẹ̀ gidi.

Ẹ kò béèrè èyí, àmọ́ mi ò lè má sọ ọ́: ẹ má to àpò iyanrìn dí ọ̀nà àkúnya, ìyẹn ojú ọ̀nà tí omi tó bá pọ̀ jù ń gbà ṣàn jáde kúrò nínú dáàmù, nítorí kí omi lè tó yín lẹ́ẹ̀rùn. Oṣù Kẹsàn-án ni òjò máa ń le lọ́dọ̀ wa, bí omi bá sì gun orí ògiri iyẹ̀pẹ̀ kọjá, kì í pẹ́ kó tó gé e. Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni dáàmù Alau já tí omi bo Maiduguri. Ẹ jẹ́ kí orí ògiri yín fi mítà kan ga ju ọ̀nà àkúnya lọ.

Àwọn ẹnjiníà wà ní Lower Niger River Basin Development Authority, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi àti dáàmù, ní Ìlọrin. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìgò omi yẹn àti àkọsílẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì dání.