Èsì: Ṣé Natalie Imbruglia jí orin «Torn» ni?

Ẹ kú àríyànjiyàn lórí ẹni tó kọ orin «Torn». Natalie kò jí i, àmọ́ òun kọ́ ló ṣẹ̀dá rẹ̀. «Kọ orin» ló dá ìjà yín sílẹ̀: ọ̀tọ̀ lẹni tó fi gègé kọ ọ́, ọ̀tọ̀ lẹni tó fi ẹnu kọ ọ́.

Scott Cutler, Anne Preven àti Phil Thornalley ló fi gègé kọ ọ́. Lis Sørensen ti kọ ọ́ lédè Denmark ní 1993. Ednaswap, ẹgbẹ́ olórin Preven, gbé tiwọn jáde ní 1995. Ọdún 1997 ni Natalie, ọmọ Australia, tó gbé tirẹ̀ dé, Thornalley fúnra rẹ̀ ló sì bá a ṣe é. Olè wo ni onílé ń bá palẹ̀ ẹrù mọ́?

Bí gìtá inú èyí tí ẹ gbọ́ bá ń bú ramúramù, Ednaswap nìyẹn. Ti Natalie rọ̀ létí. Gìtá kan a máa yọ̀ tẹ̀ẹ̀rẹ̀ níparí.