Ṣé lóòótọ́ ni Phog Allen jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó tún ń tọ́jú ara àwọn eléré?

Bẹ́ẹ̀ ni. Forrest Allen, tí wọ́n ń pè ní Phog, jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà, ó sì kọ́ osteopathy, ìyẹn ìmọ̀ fífi ọwọ́ tọ́jú eegun àti iṣan.

Ọdún 1885 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Missouri. Abẹ́ James Naismith, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀ ní 1891, ló ti gbá bọ́ọ̀lù ní Kansas. Wọ́n sábà ń sọ pé Naismith ló sọ fún un pé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn, gbígbá lásán ni wọ́n ń gbá a. Allen kò gbà.

Ó darí ikọ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Baker, Kansas àti Haskell kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú. Nígbà tó parí, ó lọ darí ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Warrensburg, ní Missouri, ní 1912, ó sì padà sí Kansas ní 1919. Ibẹ̀ ló wà títí di 1956, nígbà tó pé ẹni 70 ọdún tí òfin ìfẹ̀yìntì sì lé e kúrò, kì í ṣe pé ó wù ú. Fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ tọ́jú àwọn ọmọ ikọ̀ rẹ̀ tó bá fara pa. Àwọn agbábọ́ọ̀lù beisibọ́ọ̀lù pàápàá ń wá a wá. Kansas gba ife-ẹ̀yẹ NCAA, ìyẹn ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, lábẹ́ rẹ̀ ní 1952.

Ìdíje 590 ló borí ní Kansas nìkan. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ìwé kan sí òmíràn, àmọ́ 746 ni wọ́n sábà ń kọ.