Àgádágodo tó wà lára ilẹ̀kùn màmá

Ìbéèrè tó o bi mi ni pé ààwẹ̀ ọjọ́ mélòó lo máa gbà, Sáàmù wo lo sì máa kà, kí ọkọ ẹ tó "ti tutù nínú ẹ̀mí" lè padà máa bá ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò tíì débẹ̀. Ìlà kan wà láàárín lẹ́tà ẹ tó o sáré kọjá lórí ẹ̀ bí ẹni tó ń fo gọ́tà, mo kà á, mo tún un kà, mo gbé fóònù sílẹ̀. O ní: "Màmá ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ wa ò yọ wá lẹ́nu, tí mo bá ń lọ fún ìṣọ́ òru ní Fúráìdè tí ọkọ mi ò sí nílé mo máa ń gbé fúláàsì tíì àti búrẹ́dì sílẹ̀ fún wọn, mo wá máa ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn látìta kí wọ́n má bàa rìn jáde torí iyè wọn ti ń rá."

Látìta kẹ̀! Ẹni 80 ọdún! Ìṣọ́ òru tí mo mọ̀, aago 10 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ìdájí ni wọ́n ń ṣe oore-ọ̀fẹ́. Tí iná bá lọ ńkọ́, tí wọ́n tan àbẹ́là? Tí wọ́n bá yọ̀ ṣubú nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ tọ̀? Odò Ọ̀nà lo sì sọ pé ẹ ń gbé. Àbí o ò sí n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 ni? Fúráìdè náà ni, òjò yẹn rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru, odò kún ó ya wọlé onílé, afárá wó, àwọn tó kú lé ní 100. Ta ló fẹ́ wá kọ́kọ́rọ́ ẹ kàn nínú irú òjò yẹn?

Ọkọ ẹ wá ńkọ́. O ní awáwí ló ń ṣe, pé gbogbo Sọ́ńdè ló máa ń ní "ta ló máa jókòó ti màmá". Awáwí bíi ti báwo? Ìbéèrè ló bi ẹ, o ò sì tíì dá a lóhùn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìwọ fúnra ẹ lo kọ ọ́ pé o ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kan o bá a nílẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ lé itan tó ń gé èékánná fún wọn, o kọ ọ́ bí ẹni ń ro ẹjọ́! Òun lo wá fẹ́ gbààwẹ̀ lé lórí.

Jẹ́ ká ṣí Máàkù orí 7, láti ẹsẹ 9. Àwọn kan wà nígbà ayé Jésù tó jẹ́ pé tí bàbá tàbí ìyá wọn bá nílò nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní nǹkan yẹn ti di Kọ́bánì, ó ti di ẹ̀bùn fún Ọlọ́run, ó sì máa ń pa àwọn òbí lẹ́nu mọ́, torí ta ló fẹ́ bá Ọlọ́run du nǹkan? Jésù ní wọ́n ti fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Ìwọ, òru Fúráìdè lo sọ di Kọ́bánì. Má sì sọ fún mi pé ìyá ọkọ ẹ ni kì í ṣe ìyá ẹ, nínú 1 Tímótì 5:8 ará ilé ẹni ni Pọ́ọ̀lù pè é, ó ní ẹni tí ò bá pèsè fún wọn ti sẹ́ ìgbàgbọ́, ó burú ju aláìgbàgbọ́ lọ.

Ó ń dùn mí torí mo mọ ibẹ̀. Bàbá mi náà, iyè wọn rá kí wọ́n tó lọ, "àǹtí" ni wọ́n ń pè mí. Kwáyà ni mo wà nígbà yẹn, n kì í pa ìdánrawò jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo pẹ́, mo bá wọn lórí àga nínú òkùnkùn, ṣòkòtò wọn ti tutù, wọ́n ní "àǹtí, ẹ má bínú". Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mo sunkún. Mo fi kwáyà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, lálaalẹ́, tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ "Olúwa ni olùṣọ́ àgùntàn mi", bàbá tí ò mọ orúkọ mi á gbà á lẹ́nu mi, á kà á dópin láìfo ìlà kan, bó ṣe wà nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ túmọ̀, èyí tó jáde lódindi ní 1884. Mi ò tíì rí ìsìn tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn.

Gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn UCH, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà níbẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2012. Nígbà míì àìsàn inú ìtọ̀ tàbí oògùn tí wọ́n ń lò ló ń da orí àgbà rú, tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ á sàn. Ẹni tó sọ fún ẹ nínú ìjọ pé "ó ní nǹkan tí màmá yẹn fẹ́ jẹ́wọ́", má tún fetí sí i mọ́! Àìsàn ni kí iyè máa rá bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí ẹ̀ lára àwọn àgbà ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn níbí láti 1992.

Àti pé ìgbà wo ni màmá jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kẹ́yìn? Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ìwọ àti ti ọkọ ẹ lo kọ kún ojú ìwé méjì, o ò sọ tiwọn rárá, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìjọ làwọn náà. Sọ fún pásítọ̀ ẹ kí wọ́n wá bá wọn nílé. Kí ìwọ àti ọkọ ẹ máa pín Sọ́ńdè, o lọ lọ́sẹ̀ yìí, ó lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fúráìdè tó ò bá rí ẹni dúró tì wọ́n, dúró sílé, gbé orin tí wọ́n mọ̀ láti kékeré kó o máa wo ẹnu wọn.

Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo yẹn, kó o tó sùn lálẹ́ òní, gbé e lé ọkọ ẹ lọ́wọ́, kó o sì bẹ̀ ẹ́.