Ṣé òótọ́ ni pé bí ọkọ̀ òkun akẹ́rù bá dín eré kù, èéfín rẹ̀ náà máa dín kù?

Òótọ́ ni, ó tiẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré sí i ni omi ń dènà rẹ̀ tó, agbára tí ẹ́ńjìnnì ń lò á sì fò sókè ju eré náà lọ fíìfíì. Tí ọkọ̀ bá dín eré kù ní ìdá 10 nínú 100, epo tó ń jó ní wákàtí kan á fi nǹkan bí ìdá 27 dín kù. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò náà á pẹ́ sí i, nítorí náà ohun téèyàn máa rí fi pa mọ́ lórí odindi ìrìn àjò sún mọ́ ìdá 19. Bí epo bá ṣe dín kù ni èéfín kábọ́ọ̀nù náà ń dín kù.

Ìgbà tí epo wọ́n gógó, ní nǹkan bí ọdún 2008, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré ọkọ̀ wọn kù.

Èbúté wà lára ohun tó ń ba àǹfààní yìí jẹ́. Ọkọ̀ á sáré dé, á wá dúró lójú omi fún ọjọ́ mélòó kan kó tó ráyè já ẹrù. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ tún ṣe: kí èbúté tètè sọ ìgbà tí àyè máa ṣí, kí ọkọ̀ lè rọra máa bọ̀.