Wákàtí 8 péré ni mo lò lẹ́yìn tí mo bí

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, okun o. Oṣù tó kọjá ni mo bí ọmọ mi kẹta ní ọsibítù kan, èrò pọ̀ débi pé àwa méjì la ń pín bẹ́ẹ̀dì kan, àwọn míì tẹ́ní sílẹ̀. Aago 10 alẹ́ ni mo bí, aago 6 àárọ̀ wọ́n ní kí n dìde kí ẹlòmíì rí ibi sùn sí. Ọ̀kadà la gùn délé, ẹ̀jẹ̀ ń wá lójú ọ̀nà, ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ojú mi ṣú, wọ́n sáré gbé mi padà, Ọlọ́run ló yọ mí. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Àbúrò mi náà máa bí láìpẹ́. — Ìyá Ìbejì, Yàgbà

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú ewu o, àyà mi já bí mo ṣe ń kà á. Rárá, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ìyá tó bí wọ́ọ́rọ́wọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ lo wákàtí 24 ó kéré tán lọ́sibítù, torí inú wákàtí yẹn ni ẹ̀jẹ̀ tó ń pa ìyá ọmọ sábà máa ń ya. Tí ibi ọmọ bá ti jáde, ilé ọmọ gbọ́dọ̀ súnkì kó le, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń tẹ ikùn yín tẹ́ ẹ máa ń pariwo, tí kò bá súnkì ẹ̀jẹ̀ á kàn máa dà ni. Kí àbúrò ẹ má ṣe mú ìtọ̀ mọ́ra rárá, ìtọ̀ tó bá kún kì í jẹ́ kó súnkì dáadáa.

Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ wà lóòótọ́, ìyá ọkọ ẹ ò parọ́. Àmọ́ èyí tó bá rin páàdì kan gbingbin láàárín wákàtí kan, tàbí tí òòyì ń kọ́ èèyàn, ẹ má dúró wò ó. Orí fífọ́ gan-an tí ojú ń ṣe bàìbàì náà, kódà lẹ́yìn ìbímọ, ó lè di gìrì.

Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ò burú, wọn ò pọ̀ tó ni. Tí wọ́n bá gba bẹ́ẹ̀dì, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní kọ́rídọ̀, tàbí kẹ́ ẹ sùn sílé ẹbí tó sún mọ́ ọsibítù, kí àbúrò ẹ má gun ọ̀kadà padà sí abúlé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ti wá ẹni tó lè fún un lẹ́jẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní nọ́ńbà onímọ́tò lọ́wọ́.

Ìwọ náà, ẹ̀jẹ̀ tó lọ ò kéré, padà lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n fún ẹ lóògùn ẹ̀jẹ̀, kó o bi wọ́n léèrè ìfètò sọ́mọ bíbí níbẹ̀, ó yẹ kó tó ọdún 2 kó o tó tún lóyún. Tí àbúrò ẹ bá wá bí, ìwọ gan-an ni kó o jókòó tì í mọ́jú, o ti mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.